Àgékù Aṣọ

Inú omi àmàlà ni ìyá mi ti bá orí bèbí mi. Ó ti ku èlùbọ́ sílẹ̀, ó ṣí ìkòkò kó wò ó bóyá omi ti hó, ló bá rí irun pupa tó léfòó àti ojú búlúù méjì tó ń wò ó ranjú. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ nílé kejì. Kí n tó ṣàlàyé pé omi gbígbóná ló máa ń mú ọrùn bèbí rọ̀, kéèyàn lè ki orí náà bọ ara mìíràn, ìgbátí ti dé. Omi yẹn dànù. Àmàlà alẹ́ ọjọ́ náà pẹ́, bàbá mi sì bèèrè ìdí ẹ̀. Èmi náà ni wọ́n ní kí n dáhùn.

Ìlú Ọ̀yọ́ nìyẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. A kì í pè é ní ọmọlángidi láàárín ara wa, bèbí là ń pè é. Ọ̀rọ̀ àgbà ni ọmọlángidi, wọ́n sì fi ń bú ọmọ tó bá jókòó tẹtẹrẹ nígbà tíṣẹ́ wà nílẹ̀. Kí bèbí tó dé ọwọ́ wa, koríko là ń dì nírun. A ó wá èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ gùn, a ó fà á tu, a ó ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Gbòǹgbò á di irun, ewé á di ara. Tó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo, àgbàdo tí kò tíì gbó la máa ń lò. Irun ti wà lórí ìyẹn tẹ́lẹ̀, háhá rẹ̀ la ó fi ró o láṣọ. Kì í ju ọjọ́ méjì lọ tí yóò fi rọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ rí ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ ilé wa ló jẹ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan wà tí à ń pè ní Ìyá Wàsíù, ó ń ta òkìrìkà ní ọjà Akẹ̀sán. Bó bá já bélì ẹ̀wù ọmọdé, nǹkan mìíràn máa ń bọ́ síta láàárín rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, bọ́ọ̀lù tó ti jò, bèbí. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Òmíràn kò lápá kan, wọ́n ti fi bírò kọ nǹkan sí òmíràn níkùn, wọ́n ti gẹ irun òmíràn mọ́lẹ̀. Ọmọ òyìnbó kan ti ṣeré tirẹ̀ tán kó tó kàn wá. Náírà mẹ́wàá ni Ìyá Wàsíù ń ta èyí tó bá lápá lẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ orí nìkan, ó máa ń fi ta mí lọ́rẹ, ìyẹn tí mo bá ti bá a ṣẹ́ ẹ̀wù tó wà nílẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ nìyẹn. Kí n tó jáde ìwé mẹ́fà, méje ni mo ní, inú páálí ọṣẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń kó wọn sí. Ọjà tiwa náà wà láàárín àwa ọmọ àdúgbò. Ẹsẹ̀ kan, bọ́tìnì mẹ́rin. Apá kan, bọ́tìnì méjì, torí aṣọ lè bo ibi tí apá kò sí. Bàtà kò níye, kò sẹ́ni tó ní i pé méjì. Ọ̀kan nínú méje tèmi, orí adúláwọ̀ ló wà lára òyìnbó. Orí tó fa ìgbátí ọjọ́ àmàlà, ìyẹn kò rí ara gbé títí láé.

Irun wọn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Ó gùn, ó ń dán, mo ní màá dì í ní ṣùkú. Bí mo ṣe yà á lọ́nà báyìí, orí pá! Mo yà á níbòmíràn, ibẹ̀ náà pá. Àṣé wọn kì í gbin irun káàkiri orí bèbí. Etí orí àti ojú ọ̀nà àárín ni wọ́n ń gbìn ín sí kó ki, wọ́n á wá fi èyí tó gùn da ìyókù bò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dì í bí irun èèyàn, gbogbo awọ orí á hàn ketekete bí ẹni tí làpálàpá mú. Òwú dúdú ni mo padà fi kó o, torí irun kíkó máa ń bo àṣírí. Ọ̀kan tún wà tí mo gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ti lọ́, mo sì retí pé á hù. Mo retí rẹ̀ fún odidi táàmù kan.

Ìránṣọ ló wá gba ọkàn mi. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Télọ̀ wà níwájú ilé wa, mo sì máa ń bá wọn gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́ nítorí àgékù aṣọ. Àǹkárá pọ̀ níbẹ̀ ju ohun gbogbo lọ. Léèsì kì í sábà sí, nítorí oníléèsì máa ń bèèrè ìyókù aṣọ rẹ̀ dé orí èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́.

Ara bèbí yẹn kò jọ ara ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Ìbàdí rẹ̀ kéré sí ọrùn ọwọ́ mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àyà yọ síta, ọrùn gùn, orí fẹ̀ ju ọrùn lọ fíìfíì, ó sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ wọlé lóru. Bùbá àkọ́kọ́ tí mo rán, bí mo ṣe ń rí i tí Bọ̀dá Télọ̀ ń ṣe ti èèyàn ni mo ṣe é. Mo ṣẹ́ aṣọ sí méjì, mo gé ọrùn, mo rán ẹ̀gbẹ́. Kò kọjá orí. Mo gé ọrùn náà fẹ̀ sí i, orí kọjá, ṣùgbọ́n bó ṣe dé èjìká, ó yọ̀ bọ́ sí ìbàdí, ó sì ń bá a lọ títí tó fi balẹ̀. Mo mú un lọ bá Bọ̀dá Télọ̀. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n, tépù gidi tí wọ́n fi ń wọn àwọn ìyàwó alájì! Wọ́n ní, "Là á lẹ́yìn. Aṣọ tí kò bá gba orí wọ̀, ẹ̀yìn là ń gbà wọ̀ ọ́." Wọ́n wá fún mi ní bọ́tìnì kékeré kan tó jẹ́ ti ẹ̀wù ìkókó.

Ìró náà ní wàhálà tirẹ̀. Ike ń yọ̀, kò sí ìdí tí ìró á dì mọ́. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo kọ́kọ́ fi há a. Ìgbà tó yá ni Bọ̀dá Télọ̀ fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ wọlé díẹ̀díẹ̀ níbi ìbàdí, ọ̀tún méjì, òsì méjì, kó lè tẹ̀ lé bí ara ṣe rí. Aṣọ òkè nìkan ló bá a mu láìgé. Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀? Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ti bo bèbí láti ìbàdí kọjá orúnkún, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti gún láti orí òfì wá. Ńṣe ló dà bíi pé òun ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń hun ún.

Ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà ní Ìṣokùn, Ìṣokùn tí a fi ń ki àwọn ẹ̀jìrẹ́ náà. Ibẹ̀ la máa ń lò ní ọlidé. Bèbí kan wà lórí àpótí nínú yàrá wọn. Ike lásán ni, kò tilẹ̀ ní irun gidi, orí ike náà ni wọ́n ti fín irun sí. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, àǹkárá tó ti ṣá wà lára rẹ̀, àwo kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀. Mo ti ń wò ó fún bí ọdún kan. Lójú tèmi, Ìyá Àgbà ní bèbí ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìlò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ kí ẹni tó bímọ, mo gbé e. Mo bọ́ àǹkárá yẹn, mo wọ léèsì tí mo rán fún ọ̀kan nínú méje mi sí i lọ́rùn, kò tilẹ̀ pàdé lẹ́yìn, mo gbé e jáde sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ṣeré. Òun la fi ṣe oníbàárà tó wá ra ẹ̀kọ. Ó ti ra ẹ̀kọ náà bí ìgbà mẹ́fà, ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kí Ìyá Àgbà tó dé.

Wọn kò pariwo. Èmi ti ń wo apá ibi tí pàṣán wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e nílẹ̀, wọ́n fi etí ìró wọn nu iyẹ̀pẹ̀ ojú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí bí wọ́n ṣe ń nu ojú wa ni wọ́n ṣe nu tirẹ̀. Wọ́n ní, "Táyé, wọ́n mà gbé ọ ṣeré jáde lónìí."

Ìbejì ni Àǹtí Kẹ́hìndé, àbúrò bàbá mi obìnrin. Mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni wọ́n ń jẹ́, mi ò bèèrè rí pé Táyé dà. Táyé kò pé ọmọ oṣù mẹ́jọ tó fi padà lọ. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà gbẹ́ ère. Agbẹ́gilére tí ìdílé wọn mọ̀ ti kú, ẹlòmíràn tí wọ́n lọ bá pe iye tí wọn kò ní. Ni wọ́n bá lọ sí Akẹ̀sán, wọ́n ra bèbí oníke. Àwọn nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ní àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ni bèbí oníke bá rọ́pò ère igi. Kẹ́hìndé jẹ ẹ̀wà, Táyé jẹ. Kẹ́hìndé wọ tuntun ọdún, Táyé wọ̀. Àfi ìgbà tí ojú Ìyá Àgbà kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ ni aṣọ Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lára rẹ̀.

Kí ẹ má ṣì wọ́n lóye o, Mùsùlùmí ni Ìyá Àgbà, kì í sì í pa kírun jẹ. Ààfáà kan nínú ẹbí ti sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ nǹkan yẹn nù. Wọ́n ní àwọn kò bọ ọ́, ọmọ àwọn ni àwọn ń tọ́.

Wọ́n yí etí léèsì náà wò. "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ojú abẹ́rẹ́ rẹ fẹ̀ jù, kò sì gbà á." Wọ́n tún un yí. "Ìwọ ni wàá máa rán ti Táyé."

Báyìí ni mo ṣe rí oníbàárà mi àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí mo ti mọ̀ lára àwọn méje tèmi kò bá ara Táyé mu. Ikùn ló yọ ní tirẹ̀, kò ní ìbàdí rárá, apá rẹ̀ là sọ́tọ̀ bí ẹni tó ń ní kí wọ́n gbé òun, kò sì ṣeé tẹ̀. Aṣọ tí mo pa wọlé níbi ìbàdí kò kọjá ikùn. Mo ní láti tún bẹ̀rẹ̀ látorí wíwọ̀n, pẹ̀lú okùn, torí mi ò ní tépù. Mo ń ta kókó sí ibi tí ọrùn parí, mo ń ta òmíràn sí ibi tí apá bẹ̀rẹ̀.

Ní 1995, Àǹtí Kẹ́hìndé fẹ́ ṣe ìyàwó. Kí aṣọ òkè ìyàwó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, Ìyá Àgbà ti yọ ọ̀já kan níbẹ̀. Aláwọ̀ pupa ni, bí àlàárì. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọn kò sọ ju "ti èkejì ìyàwó" lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ òkè, bí ẹ bá ti gé e, òwú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìró àti ìborùn kò le, ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní láti fi òwú ká. Bùbá ló fẹ́ pa mí, nítorí gbogbo ojú gígé ló ń ya. Abẹ́rẹ́ gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ, ọpẹ́ ni pé àwọ̀ rẹ̀ jọra. Gèlè wá kù. Ọ̀já náà nípọn, orí Táyé kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, kò sì dì. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fa òwú rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan yọ, ọ̀kan dúró, títí tó fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ àpò ẹ̀fọn. Mo bọ̀ ọ́ nínú omi ògì díẹ̀, mo wé e, mo gbé e sínú oòrùn kó gan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìyàwó, Àǹtí Kẹ́hìndé wọlé wá kí Ìyá Àgbà. Ojú wọn ti kún fún pańkéèkì. Wọ́n rí Táyé lórí àpótí, nínú aṣọ tó wà lára àwọn náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Mo ń retí ẹkún, wọn kò sunkún. Wọ́n fi ìka kan tọ́ gèlè náà wò bóyá ó máa ṣubú, kò ṣubú. Wọ́n ní, "Tirẹ̀ dúró ju tèmi lọ. Ta ló wé e? Wá bá mi tún tèmi ṣe." Mo gun orí àpótí kékeré. Ọwọ́ mi kò ká orí wọn.

Ìyókù kò gùn. Nígbà tí mo lọ sí ilé ìwé oníbọ́dìn, ìyá mi fi páálí ọṣẹ mi ta ọmọ ẹnì kan lọ́rẹ, méjèèje lọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní mo ti dàgbà. Mi ò tíì dárí èyí ji wọ́n tán, wọ́n sì mọ̀. Mo kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta, mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà tí mo wá ń ka nǹkan lórí fóònù ni mo mọ̀ pé àwọn bèbí Akẹ̀sán yẹn, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Barbie, ní ìtàn. Ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Mattel kọ́kọ́ pàtẹ Barbie ní New York, dọ́là 3 ni wọ́n ń tà á. Ruth Handler ló dá a lábàá. Ó rí i pé ọmọ òun, Barbara, fẹ́ràn àtimáa fi ọmọlángidi oníwèé ṣe àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ìkókó ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ. Ó rí ọ̀kan tó ní ara àgbà, Lilli, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Jámánì, ó sì gbà pé ó ṣeé ṣe. Ó di 1980 kí wọ́n tó ṣe adúláwọ̀ tí wọ́n pe òun náà ní Barbie. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni owó wà. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni pé Japan ni wọ́n ti ṣe àwọn àkọ́kọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń fi ọwọ́ rán aṣọ wẹ́wẹ́ náà nínú ilé wọn. Mo mọ ohun tí ojú wọn rí. Mo mọ bó ṣe ń ṣe ẹ̀yìn èèyàn.

Ohun kan tún wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ka ọmọlángidi tó ní ara àgbà sí ohun tuntun ní 1959. Ẹ wo ère ìbejì àtijọ́. Ìkókó ló kú, àgbà ni agbẹ́gilére máa ń gbẹ́: ó lọ́mú, ó dirun, ó dúró ṣánṣán. Gíga rẹ̀ náà sábà máa ń jọ ti Barbie, tí kò tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Àwọn ìyá wa sì ti ń wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, kí wọ́n tó bí ìyá tó bí Handler. Orí tó tóbi àti ẹsẹ̀ kúkurú nìkan ni ìyàtọ̀. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí gèlè ń rí ibi jókòó.

Mo tún ti ń kó wọn jọ. Wúràọlá, bèbí tí Taofick Okoya ṣe sí ara àwọn Queens of Africa rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, wà nínú wọn. Mo sì ń wo iṣẹ́ Haneefah Adam ní Ìlọrin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán híjáàbù fún Barbie ní 2015, tó ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram nígbà náà. Mo wo etí híjáàbù rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹni tó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ dáadáa ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ni àwọn bèbí mi, títí dìgbà tí mo bá ní kí wọ́n rán bùbá kan náà fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti fún oníke tí kò ní ìbàdí. Ẹni tó bá gé bátànì kan fún àwọn méjèèjì, á tún un gé lọ́jọ́ kejì. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń yé béèrè lọ́wọ́ mi pé "sáìsì mélòó ni oníbàárà yìí?", tí wọ́n ń mú tépù.

Iná tó jó Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020 jó ìsọ̀ tí Ìyá Wàsíù fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti tún ọjà náà kọ́, mo sì lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ṣì ń já bélì.

Ìyá Àgbà jáde láyé ní 2008. Àǹtí Kẹ́hìndé ní kí Táyé máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, torí ọ̀dọ̀ mi ni aṣọ wà. Orí sẹ́ẹ̀fù ni ó wà, lókè maṣíìnì, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣeré. Àǹtí ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ọkọ wọn ò mọ̀ sí i, èmi náà ò sì sọ. Tí wọ́n bá ra aṣọ ẹbí tí wọ́n gbé e wá kí n rán, wọn kò sọ fún mi rí pé kí n fi díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kàn máa ń fi ààbọ̀ yáàdì lé e ni.